Ẹ Ṣọ́ Omi: Ìbéèrè Yín Lórí Fáíbà Ara Ewéko

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ sójú ewé yìí lóṣù tó kọjá pé èèpo rámà àti ti ewédú lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí fáíbà gíláàsì ń ṣe lára mọ́tò, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa pọ̀ tó báyìí. Lẹ́tà dé, Wasáàpù dé, àwọn kan tiẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀. Mi ò lè dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kàn ṣa àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn ni, mo sì gé díẹ̀ lára lẹ́tà tó gùn jù, ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ fáíbà ni mò ń ṣe níbí ní Ìlọrin, bọ́ńpà mọ́tò, orí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ohun tó bá sá ti fọ́ la máa ń bá wọn lẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Gíláàsì yẹn ń yọ mí lẹ́nu gan-an, tí n bá ti gé e tán ara á máa yún mi títí di òru, ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fi aṣọ iṣẹ́ mi sáàárín aṣọ àwọn ọmọ mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé ewé lè rọ́pò ẹ̀? Ṣé ó máa lágbára tó o? — *Bàbá Fáíbà, Ìlọrin*

ÌDÁHÙN: Bàbá Fáíbà, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ara yín ná. Ohun tó ń yún yín yẹn, gíláàsì gan-an ni, ẹ̀rún ẹ̀ kéékèèké ló wọ awọ ara yín, tẹ́ ẹ bá wá ń họ ọ́ ńṣe lẹ ń tì í wọlé sí i. Omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ṣan án kúrò, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kẹ́ ẹ sì máa lo ìbomú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha á. Ìyàwó yín sọ òótọ́ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Òórùn résìn, ìyẹn omi kẹ́míkà tó ń dì mọ́ fáíbà lára, náà ò dáa fún yín, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti máa pò ó, ẹ má pò ó nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ó wá kan ti ewé. Kì í ṣe ewé o, èèpo igi ẹ̀ ni. Ewédú tí gbogbo wa fi ń jẹ àmàlà yìí, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ kó dàgbà, kó ga ju orí èèyàn lọ, tẹ́ ẹ wá bó èèpo ara ẹ̀, fọ́nrán inú èèpo yẹn lòyìnbó ń pè ní jute, òun náà ni wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ tí wọ́n ń kó kòkó sí. Íńdíà àti Bangladesh ló ń ṣe é jù láyé. Àwa ń já ewé ẹ̀ sínú ìkòkò, a sì ń da igi ẹ̀ nù. Ó máa ń dùn mí tí n bá rí òkìtì igi ewédú lọ́jà, tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Rámà, tí òyìnbó ń pè ní kenaf, òun àti iṣápá tá a fi ń ṣe sóbò, ìbátan ni wọ́n, fọ́nrán wà nínú èèpo àwọn méjèèjì.

Ṣé ó lágbára tó? Ẹ rántí báwọn bàbá wa ṣe ń mọ ilé alámọ̀, tí wọ́n á gé koríko gbígbẹ sínú amọ̀, tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ gún un títí á fi pò pọ̀. Amọ̀ nìkan tó bá gbẹ á sán, koríko nìkan ò lè dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jọ wà pọ̀, koríko ò ní jẹ́ kí amọ̀ là, amọ̀ ò sì ní jẹ́ kí koríko tẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́yin ń ṣe nìyẹn. Résìn yín lamọ̀, fáíbà yín ni koríko.

Tá a bá mú fọ́nrán gíláàsì kan tá a fà á títí á fi já, agbára ẹ̀ máa ń lé ní 2,000 megapascal, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí agbára tó máa já nǹkan ṣe tó. Ti jute ò ju bíi 400 sí 800 lọ. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé fáíbà ewéko le ju gíláàsì lọ, ẹ má dá a lóhùn. Àmọ́ ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíláàsì wọn bíi gíráàmù 2.5 ní kúbíìkì sẹ̀ntímítà kan, fọ́nrán rámà tàbí jute ò ju bíi 1.4 sí 1.5 lọ. Torí pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pé kí nǹkan má tẹ̀ la ń sọ, tá a sì fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó súnmọ́ gíláàsì dáadáa. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ń lò ó sínú ilẹ̀kùn. BMW i3 tó jáde ní 2013, rámà wà nínú páńẹ́lì ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀.

Iye iná tí wọ́n ń dá kí gíláàsì tó di fáíbà náà tún wà ńbẹ̀ o. Ó gbọ́dọ̀ yọ́ ní ohun tó lé ní dígírì 1,400. Rámà, oòrùn àti òjò ló ń ṣe tiẹ̀, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ó ti tó gé.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, inú ilẹ̀kùn, pátákó ẹ̀yìn bùọ́ọ̀tù, orí tábìlì àti páńẹ́lì inú kẹ̀kẹ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì fi ṣe tánkì omi, ẹ má fi ṣe ọkọ̀ ojú omi, ẹ má sì fi ṣe ohunkóhun tí ẹ̀mí èèyàn bá gbára lé. Ẹ ra ìdọ̀họ tuntun tí wọn ò tíì kó nǹkan sí, ẹ gé e, ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́ báyìí náà ni kẹ́ ẹ fi résìn pa á, ẹ má jẹ́ kó sùn ìta mọ́jú. Ó máa mu résìn ju gíláàsì lọ, ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó dá owó lé oníbàárà.

ÌBÉÈRÈ: Àlàáfíà fún yín. Àgbẹ̀ ni mí, apá Òmù-Àrán ni mo wà. Mo gbin rámà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko pákí mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tó dàgbà wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ sómi kí fọ́nrán ẹ̀ lè yọ, mo bá kó o sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án òórùn ti gbalẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ń léfòó, ni baálẹ̀ bá ránṣẹ́ pè mí. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi jì mí, àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe tí ò dáa torí mo ṣì fẹ́ gbìn ín. — *Ìyá Àgbẹ̀*

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè, torí lẹ́tà yín yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀. Ohun tá à ń pè ní fáíbà tí ò ba ayé jẹ́, tá a bá fi pa odò kan, kí la wá ṣe?

Ẹ̀yin náà ń rẹ pákí fún láfún, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀lù kan wà nínú èèpo tí wọ́n ń pè ní pectin, òun ló so fọ́nrán pọ̀ mọ́ra àti mọ́ igi. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ lẹ́ẹ̀lù yẹn nínú omi tí fọ́nrán á fi tú. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo atẹ́gùn inú omi, tí ẹja ò wá rí èyí tó máa mí. Ẹja yín ò jẹ májèlé, atẹ́gùn ló tán.

Tó bá di ọdún yìí, ẹ má gbé e dé odò rárá. Ẹ gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ oko, ibi tí àgbàrá ò ti lè gbé e lọ sódò, ẹ tẹ́ tapólì sínú ẹ̀, ẹ fi omi sí i. Ohun tó tún dáa jù lójú tèmi ni pé kẹ́ ẹ bó èèpo ẹ̀ ní tútù kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́, èèpo nìkan ni kẹ́ ẹ wá rẹ, igi inú ẹ̀ ò bá a wọlé. Omi tó máa gbà á dínkù gan-an, ọjọ́ tó máa lò náà á dínkù. Ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó lè rì, ẹ má fi amọ̀ tàbí igi tútù tẹ̀ ẹ́, torí á pa á láwọ̀.

Ọjọ́ tó máa lò, mi ò lè dá a fún yín bí ẹni dá oṣù. Tó bá jẹ́ odindi igi, ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún ọjọ́ ni, ó wà lọ́wọ́ bí omi ṣe gbóná sí. Láti ọjọ́ keje ni kẹ́ ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò ti èèpo ẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó bá ń sá lọ wọ̀ọ̀ títí dé orí tí ò já, ó ti tó, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ kó o jáde. Tẹ́ ẹ bá fi í dọ̀la, kòkòrò tó jẹ lẹ́ẹ̀lù tán á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ fọ́nrán fúnra ẹ̀. Bí láfún tó bá pẹ́ jù lómi náà ni, kò ní dáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́ láìpé ọjọ́, á le gbagidi, èèpo á ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fọ̀ ọ́ lómi tó mọ́, ẹ sá a sórí okùn, kì í ṣe sórí ilẹ̀. Omi inú kòtò yẹn, ilẹ̀ oko tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe dódò. Igi inú ẹ̀ tó kù, ó fúyẹ́ bíi fóòmù, ó sì ń fa omi, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ ẹ lè tẹ́ ẹ fún adìyẹ. Ẹ má dáná sun ún o, òun ló tiẹ̀ pọ̀ jù lára rámà, èèpo ò ju bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ.

Ẹ gbìn ín súnmọ́ra kó má bàa yọ ẹ̀ka, igi tó bá ní ẹ̀ka, ibi tí ẹ̀ka ti yọ ni fọ́nrán ẹ̀ á ti já. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ òdòdó ni kẹ́ ẹ gé e, tẹ́ ẹ bá dúró kó so tán fọ́nrán á ti le bí ìgbálẹ̀. Fún irúgbìn, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation n'Íbàdàn ni ìjọba gbé iṣẹ́ rámà lé lọ́wọ́, àwọn ló mú irú tí wọ́n ń pè ní Ifeken jáde. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ lẹ ń wá, NCAM tó wà ní Ìdó-Òfìan, iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ni iṣẹ́ wọn, kò sì jìnnà sí yín, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni mí, fáíbà rámà ni mo fi ń ṣe project. Mo kà á pé kọ́sítíìkì sódà ń jẹ́ kó lágbára, mo rẹ tèmi sínú 15% fún odindi ọjọ́ kan kó lè lágbára dáadáa, nígbà tá a wá tẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí mi ò fi kẹ́míkà kankan sí ló lágbára jù. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fara balẹ̀, àbájáde tó o rí yẹn gan-an ti tó kọ sínú ìwé, má sọ ọ́ nù.

Fọ́nrán ewéko, cellulose ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, cellulose sì fẹ́ràn omi bí ọmọ ọwọ́ ṣe fẹ́ràn ọyàn. Résìn ní tiẹ̀ dà bí epo. O ti rí epo àti omi tó jọ gbé rí? Tó o bá kàn da résìn sórí fọ́nrán lásán, á bò ó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní dì í mú. Iṣẹ́ kọ́sítíìkì ni pé kó fọ ọ̀rá àti lignin (ohun tó ń mú kí igi le) ojú ẹ̀ kúrò, kí ojú ẹ̀ rí ṣákaṣàka kí résìn lè rí ibi kọ́. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Mercer ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀ ṣe òwú láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì ò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Tó bá ti fọ ojú tán, tó o fi sílẹ̀, á wọ inú, á bẹ̀rẹ̀ sí bá cellulose fúnra ẹ̀ jà. 15% fún ọjọ́ kan ti pọ̀ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ò ju bíi 5% lọ, ìyẹn gíráàmù 50 nínú lítà kan, fún wákàtí díẹ̀.

Kọ́sítíìkì ni kó o máa dà sínú omi o, má da omi sórí kọ́sítíìkì láéláé, á ta sí ẹ lójú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni kó o lò, má lo ìkòkò alumí, torí kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, gáàsì tó máa jáde látinú ẹ̀ sì lè gbiná. Wọ ìbọ̀wọ́. Fọ fọ́nrán náà títí omi ò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kí fínígà díẹ̀ wà nínú omi ìkẹyìn. Omi tó o fi fọ̀ ọ́ yẹn, fi fínígà pa agbára ẹ̀ kó o tó dà á nù, má jẹ́ kó wọ gọ́tà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mi sí ẹ ni pé, ṣé o gbẹ ẹ́ dáadáa lẹ́yìn tó o fọ̀ ọ́ tán? Torí mo ti jẹ̀yà ẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, inú òjò ni, mo ṣe páńẹ́lì kan tó fẹ̀ tó tíréè tí wọ́n fi ń ta búrẹ́dì. Mo fọwọ́ kan fọ́nrán yẹn, ó gbẹ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé fọ́nrán lè gbẹ lọ́wọ́ èèyàn kí omi tó tó 10% ìwọ̀n ara ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà òjò. Mo da résìn sí i. Bí résìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbóná láti dì, omi yẹn ń wá ọ̀nà àbájáde, ojú páńẹ́lì mi wú bí àkàrà. Mo ní kò burú, mo gbé e sí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta etí ẹ̀ ti hu funfun bí ẹ̀bà àná. Ni mo bá fi orúnkún ṣẹ́ ẹ, mo gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ súnmọ́ iná: ihò róbótó róbótó ló wà lójú ẹ̀ bí ebè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àlùbọ́sà lórí ẹ̀, fọ́nrán á sì máa yọ lódì kejì ní gbọọrọ láìní résìn kankan lára. Résìn ò tiẹ̀ dì í mú rárá. Ìgbà ọyẹ́ ni mo tún un ṣe, mo ti fi kọ́sítíìkì fọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo sì gbẹ ẹ́ títí òṣùwọ̀n ò fi lọ sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ́ ìyẹn, fọ́nrán àti résìn jọ já síbì kan ni, kò síhò.

Nítorí náà, lọ wo ojú ibi tí tìẹ ti ṣẹ́, wo bóyá ihò ló wà ńbẹ̀ tàbí fọ́nrán tó já. Tó bá jẹ́ fọ́nrán ló já kúkúrú, kọ́sítíìkì ló ti jẹ ẹ́ rọ. Tó bá jẹ́ ihò, omi ni. Ìyàtọ̀ méjì yẹn nìkan tó orí kan nínú ìwé ẹ. Gbogbo ìgbà ni kó o máa wọ̀n ọ́n, gbẹ ẹ́, tún wọ̀n ọ́n, tí ìwọ̀n ò bá lọ sílẹ̀ mọ́ lo tó lè ní ó gbẹ. Tó bá jẹ́ rọ́bà lo fẹ́ pò ó mọ́ dípò résìn, kó jẹ́ irú èyí tó ń yọ́ kí iná tó dé dígírì 200, bíi polypropylene, torí tó bá ti kọjá ibẹ̀ fọ́nrán á bẹ̀rẹ̀ sí jóná.

ÌBÉÈRÈ: Òfì ni mò ń hun, bàbá mi ló kọ́ mi. Ṣé mo lè fi fọ́nrán yìí hun nǹkan tí wọ́n máa fi résìn pa? — *Ọmọ Aláṣọ Òfì*

ÌDÁHÙN: O lè ṣe é, inú mi sì dùn pé o bèèrè, torí Ìlọrin ní ọwọ́ tó mọ òwú ju ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lọ. Ohun kan ni kó o yí padà. Òwú aṣọ, a máa ń rán an dáadáa kó má bàa tú, tìyí ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá rán fọ́nrán jù, résìn ò ní rí ọ̀nà wọ àárín ẹ̀, fọ́nrán náà ò sì ní dojú kọ ọ̀nà kan mọ́, agbára ẹ̀ á dínkù. Rán an díẹ̀, kó kàn tó kọjá lórí òfì ni. Jẹ́ kí èyí tó gùn pọ̀ ju èyí tó dábùú lọ, apá ibi tí agbára máa ti wá ni kí fọ́nrán dojú kọ.

Ọ̀rọ̀ kí fọ́nrán dojú kọ ọ̀nà kan yìí, òun náà làwọn olùwádìí ń lé kiri. Ní 2018, àwọn kan ní yunifásítì KTH ní Stockholm tú igi sí fọ́nrán tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, wọ́n jẹ́ kí omi gbé e gba ihò tóóró kan kọjá kí gbogbo ẹ̀ lè na gbọnrangandan sápá kan, ohun tó jáde ní agbára tó tó 1.57 gigapascal, ìyẹn 1,570 megapascal. Ìyẹn ju okùn aláǹtakùn lọ. Wọ́n fi omi ṣe é o, omi tí mo ti ń kìlọ̀ ẹ̀ látàárọ̀, àwọn ni wọ́n mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Résìn tẹ́ ẹ ń pa á láṣẹ pé kí wọ́n lò, ṣebí inú epo rọ̀bì ló ti jáde? Tẹ́ ẹ bá fi ewéko sínú ẹ̀, ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di ohun tó dáa fún ayé? Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, ibo ló ń lọ? — *Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà*

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ọ̀fà ìjàkadì náà nìyẹn, ẹ gbá mi mú níbi tí mi ò lè sá fún. Òótọ́ lẹ sọ. Fọ́nrán ewéko tẹ́ ẹ fi résìn epo rọ̀bì pa, kò lè jẹrà, ẹ ò sì lè yọ́ ọ kẹ́ ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn. Ìlà-Oòrùn Jámánì ṣe mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Trabant láti 1957, òwú tó ṣẹ́ kù níléeṣẹ́ aṣọ ni wọ́n pò mọ́ résìn láti fi ṣe ara ẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ìjọba yẹn lọ tán, òkìtì ara mọ́tò wá di wàhálà fún wọn, torí kò ṣeé yọ́ bí irin.

Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé páńẹ́lì onírámà mọ́ bí omi òjò. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ó dáa ju gíláàsì lọ ní ìdajì tó jẹ́ fọ́nrán, ìdajì tó kù ṣì wà lọ́rùn wa. Ọ̀nà tí mo rí fún àwa ní Kwárà ni kájú. Èèpo líle tó bo ọmọ kájú, epo dúdú kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń bó èèyàn lọ́wọ́, àwọn tó ń fọ́ kájú mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ń fi epo yẹn ṣe résìn lókè òkun, ó tiẹ̀ ti pẹ́ tó ti wà nínú bíréèkì mọ́tò. Tiwa ńkọ́? À ń kó ọmọ kájú tútù jáde tòun tèèpo, àwọn ẹlòmíràn á lọ bó o, wọ́n á fún epo ẹ̀, àwa á sì padà ra résìn lọ́wọ́ àlejò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Rámà àti kájú ń hù lórí ilẹ̀ kan náà níbí.

Títí ìyẹn á fi dé, rọ́bà tó ń yọ́ ni kí ẹni tó bá lágbára ẹ̀ lò, torí ìyẹn ṣeé lọ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó bá sì jẹ́ résìn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó ṣe ohun tó máa pẹ́, kó má fi ṣe ohun àlòsọnù.

ÀWỌN KÉÉKÈÈKÉ

*Ṣé ikán ò ní jẹ ẹ́?* Tí résìn bá bo gbogbo ẹ̀, ikán kì í rí ẹnu wọ̀ ọ́. Etí tẹ́ ẹ fi ayùn gé lẹ̀rù wà, torí ẹnu fọ́nrán ṣí síta níbẹ̀, omi ló sì máa kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gé e, ẹ tún fi résìn kun etí yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

*Iná ńkọ́?* Ó máa jó. Ẹ má fi ṣe nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí ìdí sítóòfù.

*Èèpo àgbọn ńkọ́?* Ó le, kì í tètè jẹrà, àmọ́ agbára ẹ̀ kéré sí ti rámà púpọ̀. Tìmùtìmù àti ẹní ìnusẹ̀ ló dáa fún jù.

*Tá a bá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ṣé igi ẹ̀ wúlò?* Ó wúlò gan-an, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ohun tá à ń sọ nù ni. Ẹ ṣí i ní ìpele ìpele, ẹ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí pátákó, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á títí omi àti ẹran inú ẹ̀ á fi kúrò, fọ́nrán funfun tó ń dán bí òwú sányán á kù sílẹ̀. Ẹ sá a níbòji atẹ́gùn kó má bàa pọ́n. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gé e náà ni kẹ́ ẹ ha á, torí omi ló pọ̀ jù nínú igi yẹn, tó bá fi di ọjọ́ kẹta àwọ̀ ẹ̀ á ti dúdú.